Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa gba bàtà padà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà tí kò bá ti wù ú mọ́?

ÌyáOníbàtà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Bàtà ni mo ń tà ní Challenge níbí n'Ìbàdàn, t'ọkùnrin t'obìnrin. Àwọn kan láti Àbá, àwọn tó kù mo máa ń lọ kó wọn ní Trade Fair l'Ékòó. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi, èmi àti ọmọ kan tó ń bá mi jókòó ni. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́ta báyìí Instagram àti WhatsApp ló ń gbé bí ìdajì ọjà mi, mo ń fi ránṣẹ́ sí Abuja, Ìlọrin, Àkúrẹ́, kódà Port Harcourt.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ilé ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì ti fi nǹkan kan mọ́ àwọn èèyàn lára. Kọ́sítọ́mà ò ní tíì bèèrè iye tí mo ń tà á tá á ti ní "Àǹtí, tí kò bá wá wù mí mọ́ ńkọ́, ṣé ẹ máa gbà á padà?" Tí mo bá ní rárá, á ka mẹ́sẹ́èjì mi á dákẹ́, ó parí nìyẹn. Ni àbúrò mi ọkùnrin bá ní kí èmi náà kọ ọ́ sí pèéjì mi gàdàgbà pé ẹ lè dá a padà láàárín ọjọ́ 14, a ò ní bi yín ní ìdí, owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa fi dá a padà ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ọjà á yá. Ọjà sì yá lóòótọ́ mi ò ní purọ́, oṣù tí mo bẹ̀rẹ̀ yẹn mo ta bàtà 41 lórí fóònù nìkan, mi ò tà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mẹ́fà ló padà wá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀kan. Arábìnrin kan l'Abuja ra bàtà gogoro aláwọ̀ góòlù, ₦30,000. ₦24,500 ni mo kó o, èrè mi ₦5,500, ẹ má tíì yọ owó ṣọ́ọ̀bù àti epo jẹnẹrétọ̀ o. Ọjọ́ Wednesday ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Monday ló pè pé kò bá òun lẹ́sẹ̀ mu. Mo ní kò burú, ṣebí ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí bàtà dé, ẹ̀yin èèyàn mi, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti họ, àwọn bébà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa ń fọ́n sí ìyàwó lórí sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ gìgísẹ̀ ẹ̀. Bàtà mi ti lọ òwàǹbẹ̀, ó ti jó, ó ti padà wálé!

Mo dá ₦30,000 padà fún un. Mo san ₦3,000 fún àwọn onímọ́tò tó gbé e padà wá láti Abuja. Mo nu bàtà yẹn títí, ₦22,000 ni mo rí ẹni rà á. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦2,500 lọ lórí bàtà, ₦3,000 lọ lórí ọkọ̀, ₦5,500 géérégé. Ìyẹn ni pé gbogbo èrè orí bàtà mìíràn ni mo kó lé e kí n tó bọ́ sí òdo. Mẹ́fà wá padà lóṣù kan.

Kí lẹ̀yin ń ṣe? Ṣé kí n pa á rẹ́ pátápátá ni àbí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?

AlhajaGbági

Ìyá Oníbàtà, ẹ kú ọjà o. Ẹ má bínú, ta ló rán yín níṣẹ́?

Èmi léèsì àti àǹkárá ni mo ń tà ní Gbági, ó ti lé lógún ọdún. Lọ́dọ̀ mi tí síṣọ́ọ̀sì bá ti kan aṣọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ni mo fẹ́ ta ọ̀pá mẹ́ta ààbọ̀ tí ẹlòmíì ti ní kí n gé fún? Ẹ tún wo ti àárọ̀ o. Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, mi ò tíì ta kọ́bọ̀, kẹ́nì kan gbé ọjà àná wọlé pé kí n dá owó òun padà, ẹni yẹn ò wá ọjà wá, ìjà ló ń wá.

Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò rò ni pé ọ̀dọ̀ ta ni èmi náà fẹ́ dá a padà sí? Àwọn ilé ìtajà ńlá yẹn, ọjà tó bá padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n lágbára láti tì í padà sọ́rùn ẹni tó kó o fún wọn, wọ́n á kàn yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n fẹ́ san fún un ni. Èmi tí mo bá gbé léèsì padà lọ bá ẹni tó kó o wọ̀lú l'Ékòó, á ní "Alhaja, ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ rà á ni?" Gbogbo ẹ̀ orí wa láàárín níbí ló ń jókòó sí, òkè ò gbà á, ìsàlẹ̀ ń dá a padà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa ṣìkà o. Oníbàárà mi gidi tó bá mú aṣọ lọ, tí ìyá ọkọ ẹ̀ ní àwọ̀ yẹn ò dáa, kó gbé e wá lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta, kó má tíì tú u nínú ọ̀rá, màá bá a pààrọ̀ ẹ̀. Pààrọ̀ ni mo wí o. Owó tó bá ti wọ àpò mi, mo ti fi san èésú, mo ti fi ra ìrẹsì.

ẸruBàtà

@ÌyáOníbàtà ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ kó àwọn bébà wẹ́wẹ́ yẹn pamọ́? Ẹ dá a padà fún un, ẹrù tiẹ̀ nìyẹn 😂😂

Kọ́sítọ́màNiMí

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Lọ́dún tó kọjá mo rí báàgì kan lórí Instagram, awọ gidi ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwọ̀ kọfí, fọ́tò ẹ̀ ń dán. Mo fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dé, bó o bá fọwọ́ pa á ariwo ọ̀rá ló ń pa, okùn ẹ̀ sì já kí n tó gbé e jáde nílé. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní "goods sold are not returnable", mo tún kọ̀wé, ó blọ́ọ̀kì mi. Látìgbà yẹn tẹ́nì kan bá ń tajà fún mi tí kò sọ pé òun máa gbà á padà, mo ti sá nìyẹn. Torí náà Àǹtí, àwa tá a máa ń bèèrè yẹn, kì í ṣe gbogbo wa la fẹ́ fi bàtà yín jó. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn wọ́n ju tiyín lọ nígbà mìíì, mo mọ̀, màá ṣì rà á níbẹ̀.

Ẹ̀yin Alhaja, ní Gbági mo lè fọwọ́ kan aṣọ, mo lè gbé e síta kí n wò ó lójú oòrùn. Lórí fóònù, fọ́tò nìkan ni mo rí.

Lọ́yàKékeré

Kọ́sítọ́màNiMí ti sọ apá tó ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kí n fi òfin tì í lẹ́yìn. (Mi ò gba owó ìmọ̀ràn lónìí o.)

Ìwé tá a máa ń rí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé "No refund after payment", àti èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rìsíìtì, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí ọjà bá lábùkù. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò bófin mu. Òfin tó gbé wọn dúró ni Federal Competition and Consumer Protection Act 2018, ààrẹ buwọ́ lù ú ní January 2019. Ẹ wo abala 122 ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ọjà tó lábùkù tàbí tó léwu, tí oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá padà tẹ́lẹ̀, ó tún ní ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kó tó dé ọwọ́ ẹ̀, tí ohun tó wá dé ò bá bá bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ mu, ó lè kọ̀ ọ́ kó sì gba odindi owó ẹ̀, tó bá ti ṣe é láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí WhatsApp, ẹ̀yin ló ń bá wí. Báàgì aláriwo ọ̀rá yẹn wọ ibẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó tún ní tí oníbàárà bá ti sọ fún yín ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà ò wá ṣeé lò fún un, ó lè dá a padà. Torí náà tẹ́nì kan bá kọ ọ́ sí yín pé "bàtà tí mo máa fi rìn lójú òjò ni mo ń wá o", tẹ́ ẹ wá ta awọ tí omi kan náà máa bà jẹ́ fún un, ẹ ti kó sí i. Ẹ máa ka mẹ́sẹ́èjì yín dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Àmọ́ níbi tí Ìyá Oníbàtà ti fara gbọgbẹ́ yìí, òfin ò fipá mú un. Bàtà ò lábùkù, ó bá fọ́tò mu, sáìsì tó ní kí wọ́n fún òun ni wọ́n fún un, ó kàn yí ọkàn padà ni, tàbí ká sọ pé ó ti jó tán. Mi ò rí ibi tí òfin yẹn ti ní kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín ṣe ìlérí. Ìlérí tẹ́ ẹ bá sì ti kọ sí pèéjì yín, tẹ́nì kan rà á torí ẹ̀, ẹ ní láti mú un ṣẹ, torí náà ẹ ṣọ́ra ohun tẹ́ ẹ ń kọ.

AṣọPeckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ ṣì ń jayé o. Aṣọ àǹkárá ni mo ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Peckham, London, níbí òfin ló fún wọn ní "mi ò ṣe mọ́". Láti June 2014 ni ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù ti ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí kankan fún mi. Ó tún ní ọjọ́ 14 mìíràn láti fi gbé e padà. Èmi máa dá owó aṣọ padà, màá tún dá owó tí mo gbà láti fi ránṣẹ́ sí i padà. Owó tó fi dá a padà nìkan ló lè jẹ́ tiẹ̀, ìyẹn tí mo bá ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Mo gbàgbé láti kọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni mo san gbogbo ẹ̀. PayPal, iléeṣẹ́ tó ń bá wa gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi sanwó náà, owó iṣẹ́ tí wọ́n yọ níbẹ̀rẹ̀ wọn ò dá a padà fún mi mọ́, wọ́n ti jẹun tiwọn.

(Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù níbí, tó fojú rí i, tó fọwọ́ kàn án, kò ní ọjọ́ 14 yẹn o. Tí kò bá lábùkù, ọwọ́ ọlọ́jà ló wà. Òyìnbó gan-an ò mọ̀, wọ́n á máa bá mi jà.)

Òfin yẹn sì ní àwọn ihò kan tí èmi ń gbà mí. Aṣọ tí mo bá rán sí ìwọ̀n ara ẹnì kan, kò sí lára ohun tí wọ́n lè dá padà torí ọkàn yí, torí ta ló tún fẹ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo mọ èyí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwọ̀n ara dípò S, M, L. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i láti rán, àmọ́ tí aṣọ bá ti bá wọn lára mu wọn kì í fẹ́ dá a padà rárá. Ìkejì, tí kọ́sítọ́mà bá ti lò ó kọjá bí èèyàn ṣe máa ń dán nǹkan wò ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè yọ owó lára ohun tí mo fẹ́ dá padà. Àmọ́ ẹ̀rí ńkọ́? Mo bá ṣe táàgì kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, iwájú àyà ni mo ń rán an mọ́, wọn ò lè wọ̀ ọ́ lọ òde láìjẹ́ pé wọ́n já a. Tí táàgì bá ti já, a jọ máa sọ̀rọ̀.

Ìyá Oníbàtà, ẹ lè fi sítíkà sísàlẹ̀ bàtà, kó dábùú gìgísẹ̀ àti iwájú. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìṣísẹ̀ márùn-ún lórí kọ́ńkéré, sítíkà yẹn á ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí "ọ̀fẹ́" yẹn máa tàn yín pàápàá. Zara, ilé ìtajà aṣọ, bó ṣe tóbi tó, ní May 2022 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ £1.95 lọ́wọ́ àwọn ará UK tó bá fi aṣọ tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ padà, àyàfi tí wọ́n bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn. Tí Zara bá ń ka owó ọkọ̀, ta wá ni èmi àti ẹ̀yin.

ỌmọÌjẹ̀búMaryland

Bàtà lẹ dá sílẹ̀, mo ní ìtàn bàtà kan fún yín láti Amẹ́ríkà níbí.

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Maine, Leon Leonwood Bean. Ní 1912 ó ṣe bàtà tí àwọn ọdẹ máa ń wọ̀ wọ igbó olómi, rọ́bà nísàlẹ̀, awọ lókè. Ó kọ̀wé sí àwọn ọdẹ, ó ta 100 àkọ́kọ́, ó sì ṣèlérí pé tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn òun á dá owó padà. 90 ló padà wá! Ojú ibi tí wọ́n ti rán awọ mọ́ rọ́bà ló ń ya. Ó dá owó gbogbo wọn padà, ó lọ yá owó, ó tún bàtà náà ṣe kó le. Ibẹ̀ ni L.L.Bean ti dìde, tó ń ta ọjà kárí ayé di òní.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kò sí gbèdéke lọ́dọ̀ wọn, o lè dá nǹkan tó o rà padà nígbàkigbà. Wọ́n dẹ́kun ẹ̀ ní February 2018, ọdún 1 péré báyìí, o sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé ìwọ lo rà á. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń gbé ohun tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ti gbó wá pé kí wọ́n fún àwọn ní tuntun, àwọn mìíì tiẹ̀ rà á ní àlòkù níwájú ilé ẹlòmíì, ká sọ pé bẹńdáàǹsẹlẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá gbé e lọ gba owó.

Ẹ wò ó dáadáa. 90 tó padà wá ní 1912, ẹ̀bi ẹni tó ṣe bàtà ni. Owó tó dá padà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ohun tó wá jẹ́ kí wọ́n fi gbèdéke sí i ni àwọn tó ń gbé ohun tí kò lábùkù kankan padà wá. Bí èmi bá ń tajà, àyẹ̀wò tí màá kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ẹ̀bi ta ni. Ìyá Oníbàtà, nínú mẹ́fà yín, mélòó ló jẹ́ ẹ̀bi yín?

ÌyáOníbàtà

@ỌmọÌjẹ̀búMaryland ìbéèrè yẹn jẹ́ kí n lọ gbé ìwé mi. Nínú mẹ́fà: ọ̀kan, bàtà Àbá tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣí, tèmi ni. Ọ̀kan, ọmọ mi fi búráùn ránṣẹ́ dípò dúdú, tèmi náà ni. Mẹ́ta ni sáìsì, wọ́n ní àwọn máa ń wọ 40, ẹsẹ̀ wọn 41, torí 40 Àbá àti 40 Ṣáínà ò dọ́gba, mi ò sì sọ fún wọn. Èyí tó kù ni oníjó Abuja. Òun nìkan ló dùn mí jù, òun ni mo gbé wá sọ níbí, mi ò rí i pé sáìsì ló ń jẹ mí lówó jù.

ÌyáOníbàtà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo pa ọjọ́ 14 rẹ́. Ohun tí mo kọ báyìí ni pé tó bá lábùkù tàbí kò bá fọ́tò mu, ẹ sọ fún mi láàárín ọjọ́ 5, owó yín á padà pé, èmi ni mo ni owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀. Tó bá jẹ́ sáìsì, a máa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀, sítíkà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kò kàn wù yín mọ́, ẹ má bínú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé bébà kí wọ́n fi bírò yí i ká, kí wọ́n gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ fún mi kí n tó di ẹrù. Àwọn kan ní wàhálà mi ti pọ̀ jù, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjà ò yá bíi ti oṣù yẹn, mo ta 23. Ọ̀kan ló padà wá, gọ́ọ̀mù Àbá náà ni, mo dá owó padà kíá, mo sì gbé bàtà náà padà fún ọ̀gá tó ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń ráhùn, ó wá fún mi ní òmíì. Alhaja, ó jọ pé ti Àbá dáa ju ti Trade Fair lọ níbẹ̀ yẹn, ẹni tó ṣe é wà níbi téèyàn ti lè rí i bá wí.

AlhajaGbági

Ẹ ṣé é dáadáa. Ti àárọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gbé e wá kó tó di aago mẹ́wàá?

Kọ́sítọ́màNiMí

Àǹtí, mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ sí pèéjì yín, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ní bàtà dúdú pẹlẹbẹ, 39?

ÌyáOníbàtà

Ó wà o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bébà.

Kọ́sítọ́màNiMí

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò dọ́gba o.

ÌyáOníbàtà

Ẹ ya méjèèjì. Èyí tó tóbi la máa tẹ̀ lé.